Frederick Douglass àti Ìwé Òfin Amẹ́ríkà

Frederick Douglass kò mọ ọjọ́ tí a bí i títí ó fi kú. Ìwé tí olówó ìyá rẹ̀ ń kọ orúkọ àwọn ẹrú rẹ̀ sí ni a fi mọ̀ pé oṣù kejì ọdún 1818 ni ó wá sáyé, ní agbègbè odò Tuckahoe ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹrú ni Harriet Bailey, ìyá rẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ náà sì wí pé ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí, ẹrú ni, ẹni yòówù kí ó jẹ́ bàbá rẹ̀. Òyìnbó ni bàbá Frederick. Àwọn ènìyàn a máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé olówó rẹ̀ gan-an ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀, Betsy Bailey, ni ó tọ́ ọ, nítorí pé wọ́n ti fi ìyá rẹ̀ sí oko mìíràn. Ìgbà díẹ̀ tí Harriet fojú kan ọmọ rẹ̀, òru ni. Yóò fi ẹsẹ̀ rìn wá láti ọ̀nà jíjìn lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́, yóò tẹ́ ọmọ sùn, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti gbọ́dọ̀ padà sí oko kí ẹgba má baà bà á. Ọmọ náà tó bí ọmọ ọdún méje nígbà tí ìyá yìí kú.

Nígbà tí ó di nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ìlú Baltimore, sí ilé Hugh Auld àti Sophia aya rẹ̀, pé kí ó máa bá wọn tọ́jú ọmọ wọn. Sophia kò tíì ní ẹrú rí. Ó mú Frederick bí a ti ń mú ọmọ ènìyàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé hàn án, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó fi òpin sí i lójú ẹsẹ̀. Ó ṣàlàyé fún aya rẹ̀ pé bí ẹrú bá ti mọ ìwé, kò tún ṣeé lò mọ́. Ọmọ náà wà níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Olówó rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún un: bí ó bá jẹ́ pé ìwé ni ó lè gba ẹrú lọ́wọ́ olówó rẹ̀, a jẹ́ pé ìwé ni ó yẹ kí ẹrú máa wá kiri.

Láti ọjọ́ náà lọ, ó ń jí ìwé kọ́. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, a fi ìkánjú jẹ́ ẹ, a sì fi àkókò tí ó kù wá àwọn ọmọ òyìnbó tálákà lọ ní ojú pópó. Búrẹ́dì a máa wà lápò rẹ̀, nítorí pé oúnjẹ pọ̀ nílé tí ó ń gbé ju ilé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lọ. Búrẹ́dì yìí ni ó fi ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó tó ọmọ ọdún méjìlá, ó fi 50 sẹ́ǹtì tí ó tù jọ ra ìwé kan tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ láwùjọ. Nínú ìwé náà, ẹrú kan bá olówó rẹ̀ jiyàn, ó sì fi èsì pa gbogbo àwáwí olówó rẹ̀ títí ẹni náà fi dá a sílẹ̀. Frederick kà á ní àkàtúnkà. Kò tíì rí i rí kí ọ̀rọ̀ lásán, tí a tò dáradára lórí òtítọ́, ṣí ọwọ́ ẹni tí ó di ẹrú mú.

Ìmọ̀ yìí kò fi í lọ́kàn balẹ̀. Ńṣe ni ó mú kí ìdè náà máa dùn ún sí i. Ní ọdún 1833 wọ́n dá a padà sí ìgbèríko, sọ́dọ̀ Thomas Auld tí ó ni ín gan-an. Nígbà tí apá Thomas kò ká a, ó fi í háyà fún ọdún kan fún àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Edward Covey, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ó mọ bí a ti ń fi pàṣán tẹ orí ẹrú alágídí ba. Oṣù mẹ́fà gbáko ni ẹgba fi wà lẹ́yìn Frederick. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1834, ọmọkùnrin náà, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, kọ̀ jálẹ̀. Ó di Covey lọ́rùn mú, wọ́n sì jọ wọ̀yá ìjà fún nǹkan bí wákàtí méjì. Covey kò tún gbé ẹgba sí i títí ọdún náà fi pé.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún 1838, Frederick wọ aṣọ atukọ̀, ó yá ìwé ẹ̀rí atukọ̀ kan tí ó ní òmìnira, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin ní Baltimore. Àpèjúwe ẹni tí ó wà nínú ìwé náà kò jọ ọ́ rárá. Bí ẹni tí ń yẹ ìwé wò bá lè tẹjú mọ́ ọn díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹni náà wò ó fìrí, ó sì kọjá. Kò pé wákàtí mẹ́rìnlélógún tí ó fi dé New York. Anna Murray, ọmọbìnrin adúláwọ̀ tí ó ní òmìnira tirẹ̀ tí ó sì ti ràn án lọ́wọ́ nínú ìmúra yìí, wá bá a níbẹ̀, wọ́n sì gbéyàwó. Wọ́n kọjá lọ sí New Bedford ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ó ti pa orúkọ Bailey tì kí àwọn tí ń dọdẹ ẹrú má baà tọpa rẹ̀, níbẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ Douglass.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1841, ní erékùṣù Nantucket, wọ́n ní kí ó dìde sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, níwájú àwùjọ àwọn tí ń fẹ́ kí a fi òpin sí òwò ẹrú àti ẹrú níní. Ẹ̀rù bà á, ó sì ń kólòlò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ gbogbo wọn lára. Ọ̀gbẹ́ni William Lloyd Garrison, olórí àwọn tí ń ja ìjà náà, wà níjokòó. Ẹgbẹ́ gba Douglass síṣẹ́ pé kí ó máa lọ láti ìlú dé ìlú kí ó máa sọ̀rọ̀, Garrison sì di bàbá àti olùkọ́ fún un.

Ẹ̀kọ́ tí Garrison fi kọ́ ọ nípa òfin ilẹ̀ náà le púpọ̀. Ní ọdún 1787, lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ pàdé ní Philadelphia, wọ́n sì kọ Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ tí yóò so gbogbo wọn di orílẹ̀-èdè kan. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ní ẹrú nílé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí a bá ń ka iye ènìyàn láti pín aṣojú fún ìpínlẹ̀, kí a ka ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún àwọn tí kò ní òmìnira. Pé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò gbọdọ̀ dá kíkó irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ wọ̀lú dúró kí ó tó di ọdún 1808. Àti pé ẹni tí ó bá sá kúrò nídìí iṣẹ́ tí ó jẹ ẹlòmíràn, kí a dá a padà. Garrison ka gbogbo èyí, ó sì gbà pé àdéhùn pẹ̀lú ìkà ni ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní kí olóòótọ́ ènìyàn má ṣe dìbò, kí ó má ṣe di ipò kankan mú lábẹ́ rẹ̀, kí àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá sì ya kúrò lára Gúúsù kí ọwọ́ wọn lè mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Douglass fi ń tẹnu mọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Kò ṣòro fún un láti gbà á. Ẹni tí a nà ní pàṣán lábẹ́ ààbò òfin, ta ni yóò sọ fún un pé òfin náà dára?

Ní ọdún 1845 ó kọ ìtàn ayé ara rẹ̀, ó sì dárúkọ àwọn tí ó ni ín. Ewu dé. Ó sá lọ sí Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ ti dá 150 pọ́n-ùn jọ, tí wọ́n fi rà á padà lọ́wọ́ ìdílé Auld ní ọdún 1846. Nígbà tí ó padà sílé, ó ṣí ilé ìwé ìròyìn tirẹ̀ sí ìlú Rochester ní ìpínlẹ̀ New York ní oṣù kejìlá ọdún 1847. Ó sọ ìwé náà ní Ìràwọ̀ Àríwá, nítorí ìràwọ̀ yẹn ni ẹrú tí ó bá sá lóru fi ń mọ ọ̀nà. Inú Garrison kò dùn sí i pé ọmọ ẹ̀yìn òun fẹ́ dá dúró.

Olóòtú ìwé ìròyìn kò lè máa sọ àsọtúnsọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ láìwádìí. Àwọn tí ń ka ìwé Douglass ń bi í léèrè, ó sì níláti dá wọn lóhùn. Gerrit Smith, olówó kan tí ó kórìíra ẹrú níní, ń kọ lẹ́tà sí i pé kí ó tún Ìwé Òfin náà kà, kí ó má fi ojú Garrison kà á. Douglass gbà, ó jókòó tì í. Ó ka àwọn ìwé tí Lysander Spooner àti William Goodell kọ lórí ọ̀ràn náà, ó sì kọ́ bí àwọn amòfin ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú òfin.

Bí ó ti ń kà á lọ́wọ́ ni ayé tún burú sí i. Ní ọdún 1850 ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tuntun kan nípa àwọn ẹrú tí ó bá sá. Òfin yìí kò jẹ́ kí ẹni tí a mú sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀, kò sì fún un ní ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó bá dájọ́ pé ẹrú ni yóò gba 10 dọ́là. Bí ó bá dájọ́ pé òmìnira ni, 5 dọ́là péré ni tirẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti ran ọlọ́dẹ ẹrú lọ́wọ́ di arúfin. Ìbẹ̀rù gba gbogbo ìlú Àríwá kan, àwọn ènìyàn dúdú tí ó ti ń gbé ní àlàáfíà fún ọ̀pọ̀ ọdún sì bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù wọn lọ sí Kánádà. Ilé Douglass ní Rochester kò jìnnà sí ààlà náà. Ìgbà kan wà tí àwọn mọ́kànlá tí ó sá wá sùn sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìgbà yẹn gan-an, nígbà tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rètí nù, ni Douglass yí èrò rẹ̀ padà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1851, níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wọn ní ìlú Syracuse, ó dìde ó sì wí pé òun kò gbà mọ́ pé Ìwé Òfin náà ti ẹrú níní lẹ́yìn. Ó ní bí a bá tú u bí ó ti yẹ, ohun ìjà fún òmìnira ni. Ariwo ta. Garrison gbà pé iṣẹ́ àrékérekè wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní owó Gerrit Smith ni ó rà á. Ìfẹ́ ọdún mẹ́wàá já lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì sì ń fi ìwé ìròyìn bú ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Ìpalára náà dun Douglass, nítorí pé Garrison ti ṣe é lóore ju bí ẹnu ti lè sọ lọ.

Kí ni ó rí nínú ìwé náà? Ohun àkọ́kọ́ ni pé kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú nínú rẹ̀ rárá. Bí a bá fi í lé àlejò kan lọ́wọ́, tí kò gbọ́ ohunkóhun nípa Amẹ́ríkà rí, yóò kà á tán láìmọ̀ pé a ń ta ènìyàn níbẹ̀. Àwọn tí ó kọ ọ́ tijú láti dárúkọ ohun náà. Douglass wí pé bí wọ́n bá fi ìtìjú pa ọ̀rọ̀ mọ́, kí wọ́n má retí pé kí ilé-ẹjọ́ bá wọn ka ohun tí ó wà nínú ikùn wọn sí òfin, nítorí ohun tí a kọ sílẹ̀ tí gbogbo ìlú sì fọwọ́ sí ni òfin. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà wí pé àwọn ará ilẹ̀ náà ni ó ṣe é, láti fi ìdí òdodo múlẹ̀, kí wọ́n sì lè ní èrè òmìnira. Kò wí pé àwọn aláwọ̀ funfun. Ibòmíràn sì wí pé a kò gbọdọ̀ gba òmìnira ẹnikẹ́ni láìgba ọ̀nà òfin.

Ó wá mú ibi mẹ́ta tí Garrison ń tọ́ka sí. Kíka ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún, ìyà ni fún ìpínlẹ̀ tí ó ní ẹrú, nítorí bí wọ́n bá dá àwọn ènìyàn náà sílẹ̀, odindi ni a óò máa kà wọ́n, aṣojú wọn yóò sì pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ọdún 1808 fi hàn pé wọ́n ti dá ọjọ́ tí a lè fi òpin sí kíkó ẹrú wọ̀lú, a sì fi òpin sí i ní ọdún náà. Ní ti ẹni tí ó sá kúrò nídìí iṣẹ́ tí ó jẹ ẹlòmíràn, ìtumọ̀ tí Douglass fún un yóò tètè yé ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwọ̀fà àti ẹrú. Ìwọ̀fà bá olówó rẹ̀ ṣe àdéhùn, ó sì jẹ gbèsè. Ẹrú kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn, kí ni ó jẹ tí a óò fi sọ pé ó sá lọ?

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ilẹ̀ náà lè sọ pé àlàyé wọ̀nyí kò rọrùn láti gbà tán, nítorí pé ó dájú pé àwọn kan tí ó jókòó ní Philadelphia mọ ẹrú tí wọ́n ń dáàbò bò. Douglass náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ó bi àwọn ọmọ ẹ̀yìn Garrison pé bí Àríwá bá ya kúrò lára Gúúsù, ta ni yóò kù pẹ̀lú àwọn ẹrú? Ó fi wọ́n wé ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ àwọn ọlọ́ṣà orí omi, tí ó bẹ́ sínú ọkọ̀ kékeré kí ọwọ́ tirẹ̀ lè mọ́, tí ó sì fi àwọn tí a dè mọ́lẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìrètí yìí sọ ọ́ di ẹni tí ń pọ́n ìjọba lé. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 1852, àwọn obìnrin Rochester pè é wá sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà. Ó là á mọ́lẹ̀ níwájú wọn pé tiwọn ni àjọ̀dún náà, kì í ṣe ti ẹrú; pé ìlù tí wọ́n ń lù, ẹ̀sín ni létí ẹni tí ó wà nínú ìdè. Àwọn tí ó jókòó gbọ́ ohun tí ó korò ju ewúro lọ. Nínú ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ti yìn Ìwé Òfin, tí ó sì wí pé òun kò sọ̀rètí nù.

Ìdánwò tí ó le jù dé ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1857. Dred Scott, ẹrú kan tí olówó rẹ̀ ti mú gbé ní ilẹ̀ tí òfin kò gba ẹrú níní, ti gbé ẹjọ́ dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pé kí a dá òun sílẹ̀. Méje nínú àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án dá a lẹ́bi. Roger Taney, olórí wọn, ọmọ ìpínlẹ̀ Maryland bí Douglass, kéde pé ènìyàn dúdú kò lè jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà láéláé, nítorí pé àwọn tí ó kọ Ìwé Òfin kò ní irú wọn lọ́kàn. Adájọ́ Curtis, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó yapa, rán an létí pé nígbà tí a fọwọ́ sí ìwé náà, àwọn ènìyàn dúdú tí ó ní òmìnira ń dìbò ní ìpínlẹ̀ márùn-ún. Kò ràn án. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ní ọwọ́ ti tẹ wọn pátápátá. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, Douglass sọ̀rọ̀ ní New York, ó sì ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: ó ní ìrètí òun kò tíì mọ́lẹ̀ tó báyìí rí. Ó ní ilé-ẹjọ́ lè túmọ̀ ìwé, ṣùgbọ́n kò lè pa ohun tí a kọ sínú rẹ̀ rẹ́. Ìdájọ́ náà yóò sì jí àwọn tí ó ti ń sùn.

Àwọn mìíràn kò ní sùúrù ìwé mọ́. John Brown, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pè é ní ọdún 1859 pé kí wọ́n jọ lọ gba ilé ohun ìjà ìjọba ní Harpers Ferry. Douglass kọ̀, ó ní pàkúté irin ni yóò wọ̀. Wọ́n mú Brown, wọ́n so ó rọ̀, Douglass sì sá gba Kánádà dé Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n má baà mú òun náà.

Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1861. Douglass ń ké pe Ààrẹ Lincoln pé kí ó sọ ogun náà di ogun ìdásílẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ènìyàn dúdú gbé ìbọn. Nígbà tí èyí ṣẹ ní ọdún 1863, ó kó ọ̀dọ́ jọ fún iṣẹ́ ológun, ọmọ rẹ̀ méjì sì wà lára wọn. Ogun parí ní ọdún 1865. Ní ọdún náà, àtúnṣe kẹtàlá sí Ìwé Òfin fi òpin sí ẹrú níní. Ní ọdún 1868, àtúnṣe kẹrìnlá wí pé ẹni tí a bí sí Amẹ́ríkà, ọmọ Amẹ́ríkà ni, ọ̀rọ̀ Taney sì di asán. Ní ọdún 1870, ìkẹẹ̀ẹ́dógún wí pé a kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ ara dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìbò. Inú ìwé kan náà tí Garrison ti dáná sun níwájú àwùjọ ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1854 ni a kọ gbogbo wọn sí.

Ìjọba fi Douglass sí ipò ọlá ní Washington, ó sì rán an ní aṣojú sí Haiti láti ọdún 1889 títí di 1891. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti kọ sílẹ̀ tún ń bọ́ lọ́wọ́. Ní Gúúsù, wọ́n ń fi ìbọn lé ènìyàn dúdú kúrò nídìí àpótí ìbò, wọ́n sì ń so wọ́n rọ̀ sí igi láìgbọ́ ẹjọ́ wọn. Ní ọdún 1883 Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé òfin ọdún 1875 tí ó ní kí a gba gbogbo ènìyàn láyè bákan náà ní ilé àlejò, ilé eré àti ọkọ̀. Douglass bá ilé-ẹjọ́ náà wí níwájú àwùjọ ńlá ní Washington. Ó ní nígbà tí ẹrú níní jẹ ọba, ohun tí àwọn tí ó ṣe òfin ní lọ́kàn ni àwọn adájọ́ ń wá kí wọ́n lè ti olówó ẹrú lẹ́yìn. Nísinsìnyí tí gbogbo ayé mọ̀ pé òmìnira ni àwọn tí ó ṣe àtúnṣe ní lọ́kàn, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan lè wí pé òun náà ti yí ọ̀nà ìtúmọ̀ rẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì jìnnà sí òtítọ́. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ìwà àwọn adájọ́ ni ó ń fi hàn wọ́n. Ó yin Adájọ́ Harlan nìkan ṣoṣo tí ó yapa, ẹni tí ó ti ní ẹrú rí ní Kentucky. Ní ọdún 1954, ọdún mọ́kànléláàádọ́rin lẹ́yìn náà, orí àtúnṣe kẹrìnlá yìí ni ilé-ẹjọ́ kan náà dúró lé tí ó fi ní kí a má ṣe ya àwọn ọmọ dúdú sọ́tọ̀ mọ́ ní iléèwé ìjọba.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1895, Douglass lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin tí ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn ní Washington. Ó ti ń bá wọn jà á láti ìpàdé Seneca Falls ní ọdún 1848. Ó padà sílé ní ìrọ̀lẹ́, ó ń ròyìn ìpàdé náà fún Helen, aya tí ó fẹ́ lẹ́yìn ikú Anna, bí ó ti ń dúró de ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tí yóò gbé e lọ sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ibẹ̀ ni ó ti ṣubú lulẹ̀, kò sì dìde mọ́. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Rochester, ìlú tí ó ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún tẹ ìwé ìròyìn rẹ̀, wọ́n sì sin ín síbẹ̀.